Ẹ jẹ́ kí ìpara náà pẹ́ lára kí ẹ tó gbé abẹ́rẹ́

Sí Olóòtú,

Nínú iṣẹ́ abẹ kéékèèké tí aláìsàn ń ṣe tán tó sì ń lọ sílé lọ́jọ́ kan náà, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa ojú ibẹ̀ kú ló sábà máa ń dun ni jù. Ìpara tó ní lidocaine àti prilocaine, oògùn méjì tó ń pa ojú ara kú, ń dín oró yẹn kù gan-an, bí a bá lò ó bó ṣe yẹ.

Ìkánjú ló ń bà á jẹ́. Bí wọ́n bá fi pa ara fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, oògùn ò tíì wọlé. Wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Gíráàmù 1 sí 2 ni kí ẹ bù sí ojú ara tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 5, tó fẹ̀ ní 2. Ẹ má fi ọwọ́ pa á wọ inú awọ. Ẹ fi báńdéèjì oníke bò ó, kí etí rẹ̀ lẹ̀ yíká, kí ẹ sì kọ aago sí i lórí. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti wọlé tó mìlímítà 3. Lẹ́yìn méjì, nǹkan bíi 5. Ohun tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì nílò abẹ́rẹ́. Bí awọ bá funfun, ẹ má fòyà.

Ẹ má fi sí egbò tàbí ẹ̀bá ojú. Ẹ béèrè nípa àìtó G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ sì ṣọ́ra fún ìkókó: ẹ̀jẹ̀ wọn lè má gbé atẹ́gùn dáadáa mọ́, kí ètè wọn dúdú.

Ẹ̀yin ilé ìwòsàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí aláìsàn tètè dé ní wákàtí kan ṣáájú.