Àkànní, jẹ́ kí òjìji ṣe iṣẹ́ tirẹ̀

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ti ń balẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìrìn inú oòrùn yẹn? Àwọn fọ́tò tí o yà ní aṣálẹ̀ Namib ní Nàmíbíà ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti jókòó tì wọ́n pẹ́ gan-an. O ní kí n má fi ojú ọ̀rẹ́ wò wọ́n. Ojú ọ̀rẹ́ náà ni mo fi wò wọ́n, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ débi pé mi ò lè rí ibi tó kù díẹ̀ kí n sì dákẹ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ọkàn mi fà sí jù, èyí tí o yà láti orí òkìtì yanrìn nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ẹ̀gbẹ́ kan òkìtì náà ń tàn yòò, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì wà nínú òkùnkùn, ìlà tó pín méjèèjì níyà sì ń lọ kọ́lọkọ̀lọ títí dé òkè. Ìlà yẹn gan-an ni fọ́tò náà. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí o ti tún ṣe, agbára káká ni mo fi rí i. O ti tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka hóró yanrìn ibẹ̀. Mo mọ ìdí tí o fi ṣe é. Ohun tí gbogbo wa kọ́ ni pé kí ohunkóhun má ṣe sọnù sínú òkùnkùn. Ní ti aṣálẹ̀, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Aṣálẹ̀ kò ní ilé, kò ní ọ̀pọ̀ igi, kò ní èrò tí ojú lè dì mú. Òjìji ló ń sọ fún wa pé òkìtì ga, òun ló ń sọ pé ẹ̀yìn rẹ̀ jìn. Bí o bá lé òjìji lọ, gbogbo rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Nítorí náà, dá Shadows, ìyẹn ibi tí o ti tan ìmọ́lẹ̀ sí òjìji nígbà àtúnṣe, padà sí nǹkan bí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí o wá wo histogram, àwòrán tó ń fi bí dúdú ṣe pọ̀ tó hàn lápá òsì, tó sì ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn lápá ọ̀tún. Bí dúdú bá fara kan ògiri òsì díẹ̀, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ògiri ọ̀tún ni kí o máa ṣọ́, nítorí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti sọ yanrìn di funfun báláú, kò sí ohun tí a lè rí padà níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ jù. Yanrìn Namib pupa rúsúrúsú nítorí irin tó ti dípẹtà lára àwọn hóró rẹ̀, àwọ̀ yẹn sì ti tó fúnra rẹ̀. Saturation, ìyẹn bí àwọ̀ ṣe ki tó, tí o fi kún un ti sọ ọ́ di àwọ̀ ọsàn kan tí yanrìn kì í ní, ó sì tún pa nǹkan mìíràn: àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti fà sára yanrìn ti parẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Wo histogram pupa lọ́tọ̀, wàá rí i pé ó ti kan ògiri ọ̀tún nígbà tí búlúù àti àwọ̀ ewé ṣì wà láàárín. Dín saturation kù, kí o wá fọwọ́ kan luminance (bí àwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó) ti àwọ̀ ọsàn nìkan, gbé e sókè díẹ̀. Yanrìn á tàn, àwọ̀ rẹ̀ ò sì ní yí padà.

Má fi white balance, ètò tó ń pinnu bóyá àwọ̀ fọ́tò á pọ́n tàbí á fà sí búlúù, sí Auto rárá. Bí yanrìn pupa bá kún ojú fọ́tò, kámẹ́rà lè rò pé ìmọ́lẹ̀ ló pupa, á sì da búlúù lé gbogbo rẹ̀ kí ó lè dọ́gba. Bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 5500 lórí Kelvin tí a fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan, kí o máa rọra gbé e sókè tàbí kí o máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú òjìji ni kí o máa wò bí o ti ń ṣe é. Ibi tí oòrùn ò dé ní aṣálẹ̀, ojú ọ̀run ló ń fún un ní ìmọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí búlúù fi máa ń wà nínú òjìji yanrìn lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́. Bí o bá gbé Kelvin sókè títí búlúù yẹn fi kú, o ti kọjá ààlà. Búlúù yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa yẹn, òun ni ẹwà òwúrọ̀ aṣálẹ̀, o sì ti rí i mú nínú fọ́tò rẹ kí o tó tún un ṣe! Inú mi dùn gan-an pé RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, lo fi yà á. RAW oníbíìtì 14 ní ìpele 16,384 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, nígbà tí JPEG, irú fáìlì fọ́tò tí a sábà ń lò, ní 256 péré. Ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu ni ìyàtọ̀ náà ti ń hàn jù: fa JPEG díẹ̀ báyìí, ojú ọ̀run á là sí ìlà ìlà.

Ti Deadvlei, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà láàárín òkìtì Namib, ńkọ́? Mo mọ bí àwọn igi yẹn ṣe ń wu èèyàn yà, igi tó ti kú láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn nígbà tí òkìtì yanrìn dí odò Tsauchab mọ́ wọn, tí ilẹ̀ sì gbẹ débi pé wọn ò lè jẹrà. O kó mẹ́ta sínú fọ́tò kan, ẹ̀ka wọn sì wọnú ara wọn. Gé e láti apá ọ̀tún títí igi tó gbẹ̀yìn á fi jáde. Funfun tó yí etí igi náà ká, Clarity, àtúnṣe tó ń mú kí etí nǹkan hàn kedere, ló fà á, dín in kù. Nínú fọ́tò tó fẹ̀ jù lọ, apá kan ojú ọ̀run dúdú ju apá kejì lọ; iṣẹ́ filter polarizer, dígí tí a ń dé mọ́ lẹ́ńsì láti mú ojú ọ̀run dúdú sí i, nìyẹn, nítorí ibi tó bá wà ní igun 90 sí oòrùn ló máa ń dúdú jù, lẹ́ńsì tó fẹ̀ sì gba ibẹ̀ àti ibòmíràn pọ̀. Mask gradient kan, àtúnṣe tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti apá kan dé apá kejì, á tún un ṣe. Nu àwọn àmì eruku tó wà lójú ọ̀run pẹ̀lú.

Mo fi fọ́tò òkìtì yẹn han àwọn mẹ́ta tí a jọ ń ya fọ́tò, bí o ti ní kí n ṣe. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn ṣáájú. Ohun tí mo kàn bi wọ́n ni ibi tí ojú wọn kọ́kọ́ lọ. Àwọn méjì tọ́ka sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí yanrìn ti ń dán jù. Ẹnì kẹta ní ipasẹ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó dárúkọ ìlà náà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n wá ń sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ohùn wọn ò ṣọ̀kan mọ́: ọ̀kan ní kí o gé igun yẹn kúrò, èkejì ní kí o jẹ́ kó ṣókùnkùn, ẹ̀kẹta ní kí o sọ gbogbo fọ́tò di dúdú àti funfun. Ohun tí mo máa ń ṣe sí irú èyí ni pé mo máa ń gba ibi tí wọ́n tọ́ka sí gbọ́, mo sì máa ń fúnra mi yan àtúnṣe rẹ̀. Ní tìrẹ, màá jẹ́ kí igun yẹn ṣókùnkùn, torí bí o bá gé e, òkìtì náà ò ní rí ilẹ̀ tó máa dúró lé. Dúdú àti funfun kò bá fọ́tò yìí mu lójú tèmi, àmọ́ yọ àwọ̀ kúrò fún ìgbà díẹ̀ kí o wò ó bẹ́ẹ̀. Bí ìlà náà ò bá hàn láìsí àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ló ṣì ń fẹ́ iṣẹ́.

Nígbà tí ìwọ náà bá ń fi fọ́tò han àwọn èèyàn, fi èyí tí o kò tíì fọwọ́ kàn sí i pẹ̀lú èyí tí o ti tún ṣe, kí o sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan pàtó. "Ó rẹwà gan-an" dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí o lè fi í ṣe lọ́jọ́ kejì. Má sì sọ fún wọn bí o ṣe gun òkìtì náà nínú òkùnkùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyà tó jẹ ọ́, ẹnu rẹ̀ ò ní gbà á láti sọ pé fọ́tò náà kò tíì tó.

Má bínú pé mò ń rán ọ padà sí iṣẹ́ tí o ti rò pé o parí. Ní 1941 ni Ansel Adams, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, ya òṣùpá tó yọ lókè ìletò Hernandez ní New Mexico. Negative (fíìmù tí a fi ń tẹ fọ́tò) kan ṣoṣo náà ló ń tẹ̀ jáde léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ojú ọ̀run rẹ̀ sì ń dúdú sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ó ti kọ́ dùùrù kó tó gbájú mọ́ fọ́tò, òun ló sì sọ pé negative dà bí ìwé orin, fọ́tò tí a tẹ̀ jáde sì dà bí ìgbà tí a bá ń lu orin náà. Ìwọ náà, tún tìrẹ lù. Ṣe é, gbé e tì di ọjọ́ kejì, torí ojú máa ń tètè mọ́ àwọ̀ lára, kí o tó padà wò ó. Dín ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà rẹ kù pẹ̀lú, kí fọ́tò tí o bá tẹ̀ jáde má baà ṣókùnkùn ju bí o ti rò lọ.

Fi RAW ti òkìtì yẹn ránṣẹ́ sí mi bí íntánẹ́ẹ̀tì bá gbà, mo fẹ́ tún un ṣe lọ́wọ́ tèmi ká lè gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Mo ti fi fọ́tò tèmi kan sínú lẹ́tà yìí, yanrìn funfun ti White Sands ní New Mexico ni. Mi ò ní sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kọ ibi tí ojú rẹ kọ́kọ́ lọ sí mi, kí o sì sọ bóyá mo ti jẹ́ kí òjìji rẹ̀ dúdú jù.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ