Ọjọ́ orí rẹ kọ́ ló fà á

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́ onílé rẹ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni kò kúrò lọ́kàn mi: o ní o wo sáà kejì One Punch Man, eré àwòrán Jàpáànì yẹn, kò dùn mọ́ ọ, o ní bóyá àgbà ti dé. Àgbà wo? Ìwọ tí o ṣì ń sáré bíi Naruto inú eré àwòrán lọ síbi bọ́ọ̀sì!

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe ọ́. Sáà kìíní tí gbogbo wa pariwo lé lórí, ilé iṣẹ́ Madhouse ló ṣe é ní oṣù kẹwàá 2015, Shingo Natsume ló darí rẹ̀. Apá 12 péré ni, ṣùgbọ́n Natsume ṣa àwọn ayàwòrán jọ lọ́tùn-ún lósì, àwọn tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá nínú ìjà. Nígbà tí sáà kejì fi dé ní oṣù kẹrin 2019, iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ J.C.Staff, Chikara Sakurai ló sì jókòó sórí àga olùdarí. Saitama akọni rẹ̀ kan náà, orí pípá kan náà, ọwọ́ tó ń yà á ló yàtọ̀. Ọbẹ̀ ìyá Ṣẹ́gun ni wọ́n ní kí ẹlòmíràn sè nínú ìkòkò ìyá Ṣẹ́gun. Ahọ́n rẹ kò bàjẹ́.

Wo ibi tí o ti máa rí i. Férémù 24, ìyẹn ààyè àwòrán, ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn ará Jàpáànì kì í ya gbogbo rẹ̀. Àwòrán kan a máa dúró fún férémù méjì tàbí mẹ́ta, ìyẹn àwòrán 12 tàbí 8. Ó tó fún ìjà gidi, bí ayàwòrán bá mọ ibi tí yóò ti yára àti ibi tí yóò ti rọra. Ìgbà tí ọjọ́ bá há mọ́ wọn lọ́wọ́ ni wàhálà ń dé: wọn á ya àwòrán kan ṣoṣo, wọn á máa fà á kọjá lójú wa, wọn á fi ìlà tín-ín-rín kún ẹ̀yìn rẹ̀, wọn á mi kámẹ́rà, iná á kọ yẹ̀rì, ọ̀tá á ti wó lulẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ dà? Kò sẹ́ni tó rí i. Dá fídíò dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìjà kan; bí ìdúró ara kò bá yí padà láti ọ̀kan sí èkejì, ojú rẹ kọ́ ló ń dùn ọ́.

Má ṣì mí gbọ́ o, olùdarí tuntun kì í fìgbà gbogbo ba nǹkan jẹ́. Eré Jujutsu Kaisen kúrò lọ́wọ́ Sunghoo Park, ó bọ́ sọ́wọ́ Shota Goshozono ní sáà kejì, ní 2023, inú ilé iṣẹ́ MAPPA náà ni. Wọ́n dín ìlà ojú àti ìṣẹ́po aṣọ kù. Àwọn kan bínú pé ojú Gojo, olùkọ́ inú eré náà, ti gbẹ. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ìlà tí ẹnikẹ́ni kò ní máa tún yà lẹ́ẹ̀mejìlá fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, inú ìrìn ara ni agbára rẹ̀ ń lọ. Ọ̀rọ̀ àárín ìjà wọn gan-an nídìí. Ẹni tó bá ṣàlàyé idán rẹ̀ fún ọ̀tá, idán náà á le sí i. Níbòmíràn, ṣe ni wọ́n ń fi ẹnu pa àkókò.

Ohun tó ń pa sáà tuntun jù, lójú tèmi, ìwọ̀n ni. Apá kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 24. Yọ orin ìbẹ̀rẹ̀ àti orin ìparí, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ku bíi 21. Orí kan nínú manga (ìwé ìtàn alàwòrán tí wọ́n fi ń ṣe eré) ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó nǹkan bí ojú ewé 19. Orí méjì sí mẹ́ta ló bá a mu. Bí wọ́n bá ki mẹ́rin bọ̀ ọ́, ẹ̀ṣẹ́ á balẹ̀ kí o tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń jà. Bí wọ́n bá na ẹyọ kan, bí eré One Piece ti ṣe fún ọdún pípẹ́ kó má baà lé manga bá, ojú á máa wo ojú, gbogbo èrò á máa kọ háà lọ́kọ̀ọ̀kan. Eré Demon Slayer náà jẹ nínú rẹ̀ ní 2024: odidi apá 8 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àwọn Hashira, ọ̀gá àwọn tó ń pa ẹ̀mí èṣù. Aṣọ náà rẹwà, ó kàn fẹ̀ ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ.

Kí n má gbàgbé: Màámi ti kúrò ní ọsibítù, Ṣadé bí ọkùnrin, wọ́n sì ti ta ilé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

Padà wo apá 19 sáà kìíní Demon Slayer, ti 2019, Tanjiro akọni àti Rui ẹ̀mí èṣù nínú igbó. Wò ó bí ẹní ń tú rédíò palẹ̀. Kí idà tó gbéra, o ti mọ ibi tí Nezuko àbúrò Tanjiro gbé so rọ̀, o mọ ibi tí òwú Rui wà, o mọ bí ọrùn Rui ti jìnnà tó. Omi ara idà ní ìlà dúdú tó nípọn, bí àwòrán àtijọ́ àwọn ará Jàpáànì. Lórí eré ni omi náà di iná. Lẹ́yìn náà ni ohùn akọrin Nami Nakagawa wọlé, jẹ́jẹ́, níbi tí ẹlòmíràn ì bá ti da ìlù bò wá, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sì ń kọjá lójú. Bí èyí náà kò bá mì ọ́, a jẹ́ pé àgbà ti dé lóòótọ́.

Káyọ̀dé, mo rí ohun tí o kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà bí ẹni tí kò sọ nǹkan, pé o fẹ́ dá owó oṣù àkáǹtì tí a jọ fi ń wo eré dúró. Jọ̀ọ́, má tíì dá a dúró. Kì í ṣe pé n kò lè san tèmi o (tó bá di ìparí oṣù). Ìgbà tí a bá ń wo nǹkan yẹn nìkan ni ìwọ àti èmi tún ń sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ní Sátidé, aago mẹ́sàn-án alẹ́ níbí, aago mẹ́jọ lọ́dọ̀ rẹ, jẹ́ ká jọ tẹ apá 19 lẹ́ẹ̀kan náà, kí fóònù wà létí. Má fo orin ìbẹ̀rẹ̀. O mọ ohun tí Ṣẹ́gun máa ń sọ.

Bí o bá sì ti wo Infinity Castle, fíìmù Demon Slayer, ní sinimá, pa ẹnu rẹ mọ́. N kò fẹ́ mọ ẹni tó kú.

Èmi ni,
Bọ̀dé