Òdo tí wọ́n fún ọmọ wa: "kì í ṣe gbogbo" yàtọ̀ sí "kò sí ìkankan"

Sí Olóòtú,

Inú ń bí mi, mi ò sì lè pa á mọ́ra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ àbúrò mi, tó wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì, gbé ìwé ìdánwò lọ́jíìkì (ẹ̀kọ́ nípa ìrònú tó yè kooro) rẹ̀ wá hàn mí. Wọ́n ní kó kọ gbólóhùn tó tako "Gbogbo ènìyàn ló funfun" gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gíríìkì àtijọ́. Ọmọ kọ "Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló funfun." Wọ́n fi bírò pupa fà á, òdo nínú máàkì márùn-ún! Èyí tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìdáhùn tó tọ̀nà ni "Kò sí ènìyàn kankan tó funfun."

Ohun tí ọmọ yẹn kọ gan-an ni Aristotle fúnra rẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ ìtakora, ní orí keje ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ De Interpretatione. Bí gbólóhùn méjì bá takora, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. Ṣùgbọ́n "Gbogbo ènìyàn ló jẹ́ olódodo" àti "Kò sí ènìyàn kankan tó jẹ́ olódodo" lè jọ jẹ́ irọ́, torí pé a rí olódodo, a rí aláìṣòdodo. Òdìkejì lásán nìyẹn. Plato, olùkọ́ Aristotle, pàápàá ti sọ ọ́ ṣáájú: bí a bá ní nǹkan kò tóbi, kò di dandan kó kéré, ó lè dọ́gba.

Àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ yìí ni mo ń bá wí. Wọ́n ń ta ìwé pẹlẹbẹ kan náà fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́dọọdún, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó bá sì bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á ní aláfojúdi ni. Ọmọ gbà á, wọ́n ní kò gbà á!

Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì náà ni àtúnṣe wà. Àwọn Stoic, ẹgbẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí Chrysippus wà nínú wọn, ní kí ọ̀rọ̀ ìyísódì (bíi "kì í ṣe pé") wà níwájú, kó lè jọba lórí odindi gbólóhùn. Bí ẹnìkan bá ní "Ọ̀sán ni, ìmọ́lẹ̀ sì wà", ẹni tó fèsì pé "Ọ̀sán ni, ìmọ́lẹ̀ kò sì sí" kò tíì takò ó. Tó bá di òru, irọ́ ni méjèèjì. "Kì í ṣe pé ọ̀sán ni, tí ìmọ́lẹ̀ sì wà" ló takò ó. Ẹnu wa gba èyí dáadáa. Bí mo bá ní "Gbogbo ọmọ kò jẹun", ẹnìkan lè gbọ́ ọ pé ìkankan ò jẹun, ẹlòmíràn á gbọ́ ọ pé ó ku àwọn kan. Ẹ gbé "kì í ṣe pé" síwájú: "Kì í ṣe pé gbogbo ọmọ ló jẹun." Ọ̀rọ̀ parí. Kí wọ́n fi èyí kọ́ wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, lédè Yorùbá, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa fi dán ìdáhùn rẹ̀ wò kó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí wọ́n sì tún ìwé pẹlẹbẹ náà tẹ̀.

Mo tún un sọ, ìdáhùn Aristotle ni wọ́n fún ní òdo. Ọmọ náà ti mú fótókọ́pì ojú ìwé Aristotle yẹn lọ sí ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kó máa lọ, àwọn ò ráyè.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn