Owó ilé ló ń jẹ owó ìwé ọmọ

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó ìjọba Èkó létí. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìṣẹ́ tó ń bá àwọn ọmọdé fínra, oúnjẹ ilé-ìwé ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà. Kò burú. Owó ilé wá ńkọ́?

Òfin ayálégbé ọdún 2011 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló wà fún ẹni tó bá rú u. Wọ́n yọ àdúgbò àwọn olówó bíi Ìkòyí àti Victoria Island kúrò nínú rẹ̀, torí náà àwa mẹ̀kúnnù gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Síbẹ̀, ní àdúgbò wa ní Agége, owó ọdún méjì ni wọ́n ń bèèrè fún yàrá kan, kó tó kan ti ajẹ́ńtì àti àgírímẹ́ǹtì (ẹ má bi mí léèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe). Ìyá aláta kan ládùúgbò kó owó WAEC ọmọ rẹ̀ lé ajẹ́ńtì lọ́wọ́. Ọmọ ọ̀hún ti ń kiri píọ̀ wọ́tà báyìí.

Láàárín 1979 sí 1983, Jakande tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù. Àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú wọn dòní. Kí ìjọba tún kọ́ irú rẹ̀, kí wọ́n máa gba owó rẹ̀ lóṣooṣù, kí káńsù kọ̀ọ̀kan sì ní ọ́fíìsì tí ayálégbé ti lè fẹjọ́ onílé sùn láìgba lọ́yà.

Ayálégbé kan,
Agége, Èkó.