Lẹ́tà sí Mọ́jí Nípa Ọmọ́nlé, Àdán àti Ajá

Mọ́jí ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù Leeds o, ìwọ àti bàbá Tádé àti àwọn ọmọ. Inú mi dùn pé ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́ ní Ifẹ̀ ló ti gbọ́ pé ẹ ń bọ̀ wá ṣe Kérésì, títí kan ìyá alákàrà tó ní kí n sọ fún ọ pé gbèsè ọjọ́ ilé-ìwé ṣì wà ńlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Tádé ló mú mi jókòó kọ èyí. Ọmọ tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí rí, ó ti ń bẹ̀rù ọmọ́nlé! Mo mọ̀ pé Màmá tó ń sọ̀tàn fún un lórí fóònù kò ní ibi lọ́kàn. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn náà ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó dé, jẹ́ ká ya irọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára òótọ́, nítorí ohun tó yẹ kó bà á lẹ́rù gan-an kò sí nínú gbogbo ìbéèrè tó fi ránṣẹ́ sí mi.

Ọmọ́nlé kò ní oró. Kò sí májèlé ní eyín rẹ̀, kò sí ní ìrù rẹ̀, kò sí ní awọ rẹ̀. Bí ó bá já sínú ọbẹ̀, èmi náà á da ọbẹ̀ yẹn nù, torí pé ìgbẹ́ rẹ̀ lè ní kòkòrò tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ti pé odidi ìdílé tó bá jẹ ọbẹ̀ náà á kú, bí wọ́n ṣe máa ń sọ, ìyẹn kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ni kó lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù, kó máa gbé kòkòrò mì, ẹ̀fọn náà sì wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Bí Tádé bá lé e tí ìrù rẹ̀ já, tí ìrù náà wá ń ta pọ́npọ́n nílẹ̀, kì í ṣe àlùjọ̀nnú. Ó fi ìrù sílẹ̀ kí ẹni tó ń lé e lè máa wo ìrù, kí òun sì ríbi gbà ni. Òmíràn á hù. Alángbá olórí pupa tó ń mi orí lórí fẹ́ǹsì náà kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Akọ ni, ó ń sọ fún àwọn akọ yòókù pé ẹnu ilé òun nìyí.

Ti àdán ni mo fẹ́ràn jù. Màmá ní ẹnu tí àdán fi ń jẹun náà ló fi ń ṣu. A ti gbọ́ ọ rí, a tiẹ̀ máa ń fi bú ara wa ní họ́stẹ́ẹ̀lì. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò fọ́jú. Àwọn àdán ńlá tó ń kún orí igi ní ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, èso ni wọ́n ń jẹ. Bí àdán bá gé èso sẹ́nu, á rún un, á fa omi rẹ̀ mu, á wá tu ìyókù dànù. Ẹni tó dúró sábẹ́ igi, tó rí ohun tó ń já bọ́ láti ẹnu ẹran tó dorí kodò, kí ni kó rò? Àdán ní ihò ìdí bíi ti gbogbo ẹran. Bí ó bá tiẹ̀ fẹ́ ṣu, ṣe ló máa ń yí orí sókè kó má baà dà sí i lára. Kò sì fọ́jú. Ojú rẹ̀ tóbi, ó sì ríran lóru ju èmi àti ìwọ lọ.

Sọ ti ìrókò fún Tádé pẹ̀lú. Àdán yìí kan náà a máa jẹ èso ìrókò, á fò lọ jìnnà, á ṣu kóró rẹ̀ síbòmíràn, ibẹ̀ ni ìrókò tuntun á sì ti hù. Igi tí a ní iwin ń gbé inú rẹ̀, ẹran tí a ní ẹran àjẹ́ ni ló ń bá wa gbìn ín!

Síbẹ̀, kó má fọwọ́ kan àdán o, pàápàá èyí tó bá já sílẹ̀. Ní Èkó, ní 1956, ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ti dìgbòlugi lára àdán. Kó dúró nílẹ̀ kó máa wò wọ́n.

Òwìwí kan ń gbé inú àjà ilé tí wọn kò parí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bí ó bá ti ké báyìí, òkò á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Wọ́n ní ó ń kéde ikú. Mo ti rò ó títí: ta ni í jí lóru tí í gbọ́ igbe òwìwí? Ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn ni. Àwọn tó sùn fọnfọn kò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ òwìwí ké ní gbogbo òru tí ẹnikẹ́ni kò kú. Eku ló ń wá. Á gbé odidi eku mì, tó bá yá, á wá pọ irun àti egungun rẹ̀ jáde ní ṣùù. Bí Màmá bá ń wá ẹranko tó ń fi ẹnu da ìdọ̀tí, òwìwí ló sún mọ́ ọn jù. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tó múlé tì wá yìí, ibà Lassa ń pa ènìyàn, eku ló sì ń gbé e wọ ilé. Àwọn dókítà Ọ̀wọ̀ mọ àìsàn yẹn bí ẹni mowó. A wá ń sọ òkò lu ẹni tó ń bá wa pa eku.

Ológbò dúdú kò ní wàhálà. Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, wọ́n ní oríire ni bí ó bá gba iwájú ẹni kọjá. Níbí, wọ́n ní àjẹ́ ni. Ológbò kan náà! Kí Tádé má kàn gbé mílíìkì fún un, torí kì í sábàá bá inú ológbò tó ti dàgbà mu. Ní ti ẹyẹlé tí wọ́n ní ó máa ń kó kúrò nílé tí ibi bá ń bọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ abẹ́ ilé ẹyẹ wò bóyá ejò ti ń jẹ ẹyin rẹ̀.

Ó wá ku ajá. Ti ipin ojú ajá tí wọ́n ní bí èèyàn bá fi sójú á rí iwin, jọ̀ọ́, bá mi kìlọ̀ fún ọmọ yẹn. Kò ní rí iwin, Àpólò ni yóò rí.

Dìgbòlugi ni ẹ̀rù mi. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti lé ní 100 ọdún tí àrùn yìí kò ti ríbi jókòó sí lára ajá, nítorí náà ọmọ tó dàgbà sí Leeds á kàn na ọwọ́ sí ajákájá ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ló ń bá a lọ lọ́dọọdún káàkiri ayé. Nínú ènìyàn 10, 4 jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15, ajá ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fa gbogbo rẹ̀. Ibí yìí ni irọ́ ti ń pa ènìyàn, Mọ́jí. Wọ́n á ní ajá tó bá ń da itọ́, tó ń sáré kiri bíi wèrè nìkan ló ní in. Irọ́ ni, òmíràn á kàn dákẹ́ sí kọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rọ. Wọ́n á ní ọmọ ajá kì í ní in, irọ́ ni. Wọ́n á fi epo pupa ra ojú ọgbẹ́, wọ́n á jó irun ajá náà lé e, àwọn mìíràn á ní kí ẹni tí ajá gé jẹ jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọgbẹ́ á jinná, gbogbo wọn á ní oògùn ṣiṣẹ́. Fáírọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀, ó ń gba ọ̀nà iṣan lọ sí ọpọlọ, ó sì lè gbà á tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ọjọ́ tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó ń dá a dúró kò le. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, kí wọ́n fi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, lẹ́yìn náà kí wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ fún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n má pa ajá náà bí ó bá ṣeé so mọ́lẹ̀. Bí ó bá wà láàyè tí ara rẹ̀ dá lẹ́yìn ọjọ́ 10, a jẹ́ pé kò ní àrùn náà nínú itọ́ lọ́jọ́ tó gé ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n a kì í dúró de ọjọ́ 10 kí a tó gba abẹ́rẹ́. Ọmọ tí Louis Pasteur kọ́kọ́ gún ní abẹ́rẹ́ yìí ní Paris ní oṣù Keje 1885, Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, bíi ti Tádé. Ó yè.

Ṣùúrù, ajá wa, ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ẹran, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ajá ọ̀dọ̀ àwọn ará àdúgbò. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ bàálù, lọ sí ilé ìwòsàn àwọn arìnrìn-àjò lọ́dọ̀ yín, kí o bèèrè abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún àwọn ọmọ. Ẹni tó bá ti gbà á ṣáájú, tí ajá bá gé e jẹ, ó ṣì máa gba òmíràn, ṣùgbọ́n kò ní pọ̀ tó ti ẹni tí kò gbà rí. Má fi falẹ̀ o, torí wọn kì í gún gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Bá mi kí bàbá Tádé. Bí wọ́n bá ti fún yín lọ́jọ́, kọ̀wé sí mi kí n mọ̀.

Èmi ni,
Bùnmi