Ẹ̀wà Tí Kòkòrò Ò Lè Jẹ

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ìkókó wa ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì kò tíì kúrò lọ́kàn mi. O ní ẹ̀wà tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ ní Tanke, ní Ìlọrin níbẹ̀, ti ń dá ihò, o rí kòkòrò méjì tó ń rìn lẹ́nu àpò, o sì kó gbogbo rẹ̀ dà fún adìẹ aládùúgbò yín. O ní èyí tí ẹ ń rà ní ìkòríta mọ́ roro, kò sí ihò kan lára rẹ̀, owó rẹ̀ ò sì tó iye tí èmi ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀. N kò fẹ́ dá ọ lóhùn níbẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ náà gùn, ọmọ sì ń sunkún lẹ́yìn rẹ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ̀wé.

Àṣàkẹ́, ẹ̀wà tí kòkòrò ò lè jẹ, ta ló ní kí ọmọ ènìyàn máa jẹ ẹ́?

Láti oko ni kòkòrò ti ń bá ẹ̀wà wálé. Nígbà mìíràn tí o bá fẹ́ ṣa ẹ̀wà, mú hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́, kí o wò ó dáadáa lójú oòrùn. Bí o bá rí àmì funfun tíńtín kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí èékánná fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè há kúrò, ẹyin kòkòrò nìyẹn. Ọmọ tó bá pa yóò wọ inú hóró lọ, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun títí yóò fi dàgbà, yóò wá lu ihò róbótó kan jáde. Nítorí náà, bí ẹ̀wà bá pẹ́ oṣù márùn-ún, oṣù mẹ́fà nínú àpò lásán láìní ihò kankan, ẹnìkan ti ṣe nǹkan sí i. Ó lè jẹ́ nǹkan rere, ó sì lè jẹ́ májèlé. Ojú lásán ò lè sọ èwo ni. Àfi kí o béèrè.

Bí mo ṣe mọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ mi rí. Ìwọ ṣì wà lẹ́yìn mi nígbà náà. Mo ra àpò ẹ̀wà mẹ́rin pa mọ́ de ìgbà tí yóò wọ́n, gbogbo owó ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀, gbèsè sì tún wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo tú àpò kan wò, mo gbọ́ ìró wọn nínú rẹ̀, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí iyanrìn tí ń ṣàn. Ẹnìkan lọ́jà ní kí n lọ ra ọ̀tapiápiá. Mo rà á. Mo fi aṣọ dí imú, mo wọ́n ọn sínú àwọn àpò náà, mo rán ẹnu wọn. Nígbà tí mo tún tú u, kẹ́kẹ́ pa mọ́ kòkòrò. Mo tà á tán lọ́jà Àjàṣẹ́-Ìpo, mo san gbèsè, mo jèrè díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó wọ́n oògùn yẹn, mo kọ́kọ́ bu kóńgò mẹ́fà sọ́tọ̀. Mo da ata gbígbẹ sí i, mo bò ó sínú ìkòkò. Ìyẹn ni mo ń sè fún yín nílé.

Èmi tí mo wọ́n oògùn mọ̀ pé kò yẹ lẹ́nu ọmọ mi. N kò mọ ẹni tó jẹ àpò mẹ́rin yẹn. N kò lè mọ̀ ọ́n láéláé.

Oògùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìgò tí wọ́n ń dà sí ẹ̀wà ni wọ́n ń pè ní dichlorvos. Àtipa eṣinṣin, ẹ̀fọn àti aáyán ni wọ́n fi ń ṣe é, ọpọlọ àti iṣan ara ló sì ń bá jà, ti kòkòrò àti ti ènìyàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn ìjọba Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà lọ, nítorí pé oògùn yìí tí wọ́n bá lára rẹ̀ ju òdiwọ̀n wọn lọ fíìfíì. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, ó ní kí wọ́n yé tà á káàkiri ọjà. Fífọ̀ kò lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ̀wà tí Yúróòpù ò gbà, ṣé ó yẹ kí àwa máa jẹ ẹ́?

Ọ̀rọ̀ owó wá kù, torí mo mọ̀ pé òun ló wà lọ́kàn rẹ. O ní mo ń ra nǹkan lówó gọbọi lọ́wọ́ àgbẹ̀, pé n kì í ná ọjà mọ́.

Bàbá kan wà ní apá Ìdòfìàn tí mo ń bá ra ẹ̀wà àti iṣu. Ọdún kan ni mo bá àwọn alágbàtà níbẹ̀. Kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà lọ́wọ́ bàbá náà, wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ síta kí ó lè gbà sí i, wọ́n tún ń kó o jọ bí òkìtì títí yóò fi máa yí dànù. Èyí tí wọ́n fi ń tà fún ìwọ ní ìkòríta, wọ́n lu ìdí tirẹ̀ wọnú ni. Bàbá náà ń wò wọ́n. Owó ilé ìwé ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀, ìkórè sì ni, gbogbo ènìyàn ló ń tà lẹ́ẹ̀kan náà. Iye tí wọ́n dá lé e ló gbà.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, kò sanwó fún àwọn tó ń bá a ro oko mọ́, torí kò sí owó. Oògùn apakoríko ló rà, èyí tó pọ̀ jù lọ́jà tó sì dínwó jù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbé àgbá oògùn náà kọ́ ẹ̀yìn. Kò ní ìbọ̀wọ́, kò wọ bàtà, oògùn ń kán tó-tó-tó sí i lẹ́yìn ẹsẹ̀. Paraquat ni, èyí tí NAFDAC ti fòfin dè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e mì, kò sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Mo rí i níbẹ̀ pé owó tí a yọ lára ẹ̀wà bàbá yìí, ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ àti inú ìkòkò wa la ti ń san án padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé kóńgò tèmi lọ, tí mo sì ń béèrè iye tó ná an kí n tó dá iye tí màá san.

Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá àgbẹ̀ yìí fún ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Ìlú Ọba, ó ní àwọn náà ní irú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ní bí òun bá fẹ́ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, tíì tàbí kọfí, òun máa ń wo àmì Fairtrade lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó bá ní àmì yẹn, iye kan wà tí oníṣòwò kò gbọ́dọ̀ san dín sí, bí ọjà àgbáyé tilẹ̀ já wálẹ̀, fún ọ̀pọ̀ nínú irè wọ̀nyẹn. Wọ́n tún ń san owó kan lé e tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn yóò jókòó pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ìbáà ṣe kànga, ìbáà ṣe ilé ìwé. Ó ní ilẹ̀ Netherlands ni irú àmì bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1988, lórí kọfí àwọn àgbẹ̀ Mexico. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, kò sí àmì lára àpò ẹ̀wà. Ẹnu rẹ ni àmì, kí o béèrè.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Ìwọ àti ìyàwó méjì tàbí mẹ́ta ní àdúgbò yín, ẹ dáwó jọ nígbà ìkórè, kí ẹ ra odidi àpò lọ́wọ́ àgbẹ̀. Èmi yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ bàbá yẹn. Bí ẹ bá pín in, ẹ má wọ́n oògùn kankan sí i. Àpò onípele mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS, ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò ike tí wọ́n hun ló wà níta. Bí o bá so ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan pinpin, kòkòrò yóò mí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kò ní lè jẹun mọ́, kò ní lè bímọ. Bí o ò bá rí i rà, kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó gbẹ náà ń ṣe é, bí ẹ̀wà bá ti kún un dé ọrùn tí ìdérí rẹ̀ sì le. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí títọ́jú irè oko, NSPRI, Ìlọrin níbẹ̀ ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Ní kí ọkọ rẹ yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n ṣàlàyé fún un.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n yòò lẹ́ẹ̀kan náà láti ìdí dé orí, tí ọrùn rẹ̀ ṣì tutù, má rà á fún ọmọ. Ó lè jẹ́ pé kábáàdì tí àwọn wẹ́dà ń lò ni wọ́n fi mú un pọ́n.

Bí o bá sì di dandan kí o ra ẹ̀wà lọ́jà, má bi ìyá elẹ́wà pé ṣé ó dára, torí yóò ní ó dára. Bi í pé èwo ló ń sè fún àwọn ọmọ tirẹ̀ nílé. Kí o wo ojú rẹ̀ bó bá ń dáhùn.

Mo ti fi kẹ́ẹ̀gì méjì rán awakọ̀ tó máa ń gbé mi, yóò pè ọ́ bó bá dé ibùdókọ̀. Ṣa á dáadáa, o lè rí hóró tó ti dá ihò nínú rẹ̀, má dà á nù. Lọ́dọ̀ mi báyìí, kò sí ẹ̀wà ilé, kò sí ẹ̀wà ọjà. Àpò kan náà ni mo ń bu méjèèjì.

Èmi ni ìyá rẹ.