Àjọkẹ́, Orí Rẹ Ò Dàrú

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè jókòó dá ọ lóhùn. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́.

Ibi tí o ti kọ ọ́ pé, "Àdùkẹ́, ẹ̀rù ń bà mí, ó ń ṣe mí bíi pé orí mi fẹ́ dàrú," ni ojú mi dúró sí. Orí rẹ ò dàrú o, nǹkan oṣù tó fẹ́ dá dúró ló ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, kí ìwọ náà má sì sọ ọ́ sí ara rẹ mọ́. Gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ yẹn ni mo ti rí: ooru tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àyà tó ń gun ojú lọ, oorun tó ń dá lójijì, àyà tó ń lù kì kì kì, ìbínú tó ń ru lórí ohun tí kò tó nǹkan, nǹkan oṣù tó wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan tó tún sá lọ fún oṣù mẹ́ta. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi gbé e mọ́ra láìsọ fún ẹnì kan. Mo ń kábàámọ̀ ọdún kan àbọ̀ yẹn títí di òní, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí yóò fi gùn.

Jẹ́ kí n sọ òru kan fún ọ. Mo lajú ní nǹkan bí aago méjì. Ibùsùn tutù lábẹ́ ẹ̀yìn mi bí ìgbà tí ènìyàn da omi sí i. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé mo ti tọ̀ sílé bí ọmọdé. Mo fọwọ́ kan ìrọ̀rí, òun náà tutù. Mo dìde, mo pààrọ̀ aṣọ, mo tẹ́ aṣọ ìnura sórí ibi tó tutù, mo tún dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí òtútù fi dé, mo ń gbọ̀n rìrì, mo wá ń wá aṣọ ìbora tí mo ti fẹsẹ̀ ta dànù. Bàbá àwọn ọmọ ń sùn fọnfọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Etí ibùsùn tí mo jókòó sí yẹn ni mo ti rántí ìyá mi.

Ìwọ náà á rántí. Nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn a máa dìde lóru, wọn á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọn á jókòó sórí àpótí nínú òkùnkùn, wọn á máa fi etí aṣọ fẹ́ ara wọn. Àwa ọmọ rò pé wọ́n ń bínú sí wa ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ńṣe ni a máa ń yọ́ rìn kí a má baà ṣẹ̀ wọ́n. Wọn ò sọ nǹkan kan fún wa, a ò sì béèrè. Àfìgbà tí tèmi dé ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń bá jà lórí àpótí yẹn.

Mẹnopọ́ọ̀sì ni àwọn dókítà ń pè é, àwa ń sọ pé nǹkan oṣù ti dá dúró. Kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n pé kì í ṣe àrùn kò sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn ń gbójú fò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Gbogbo ẹyin tí obìnrin máa lò láyé ni wọ́n bí i mọ́. Mílíọ̀nù kan sí méjì ni ó máa ń wà lára ọmọbìnrin lọ́jọ́ tí a bí i. Nígbà tó bá fi máa bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ó ti kù sí nǹkan bí 300,000 sí 400,000, nǹkan bí 400 péré ni yóò sì jáde ní gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀. Ìyókù ń rọ fúnra wọn. Bí ẹyin bá ti ń tán lọ, ibùgbé ẹyin kò ní lè pèsè ẹsitírójìn, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù tó ń jíṣẹ́ káàkiri ara obìnrin, bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kì í sì í kú lẹ́ẹ̀kan bí iná tí a pa. Oṣù yìí ó pọ̀ jù, oṣù tó ń bọ̀ ó kéré jù. Lílọ sókè sódò yẹn gan-an ló ń da ara láàmú, nítorí ẹsitírójìn kì í ṣe ti ilé ọmọ nìkan. Ọpọlọ ń lò ó, egungun ń lò ó, iṣan ẹ̀jẹ̀ ń lò ó, awọ ara àti àpò ìtọ̀ náà ń lò ó.

Ooru tó ń mú ọ yẹn, inú ọpọlọ ló ti ń wá. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ bí ara ṣe gbóná tó. Bí ẹsitírójìn bá ti ń wálẹ̀, ibẹ̀ á di ojo. Ìgbóná kékeré tí kò yẹ kó kà sí, á rò pé iná ti mú ilé. Ló bá ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ sílẹ̀, ló bá da òógùn bo gbogbo ara, kí ara lè tutù. Ó lè tó ìṣẹ́jú kan sí márùn-ún, ó sì kọjá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin ni ó ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹnì kan máa ń le ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ìwọ kò tíì dé ibi tí nǹkan oṣù ti dá dúró o. Ojú ọ̀nà lo wà. Ó dìgbà tí oṣù 12 bá pé gbáko láìrí nǹkan oṣù kí a tó sọ pé ó ti dá. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni ó máa ń jẹ́ fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Bí ó bá dá kí obìnrin tó pé 40, ó gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà dandan, nítorí egungun àti ọkàn rẹ̀ yóò wà láìní ẹsitírójìn fún ọdún tó pọ̀ jù. Ìrìn àjò ojú ọ̀nà yìí lè gba ọdún mélòó kan, oyún sì lè dúró ní gbogbo àsìkò náà. Má rẹ́rìn-ín. Nítorí tí o kò rí i fún oṣù mẹ́ta kò túmọ̀ sí pé ẹyin ti tán. Ẹni tí tirẹ̀ dá kó tó pé 50, ọdún méjì gbáko ni wọ́n ní kó ṣì máa ṣọ́ra. Ẹni tó ti lé ní 50, ọdún kan.

O bi mí pé ìgbà wo ni yóò tán. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ìwádìí kan tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé láàárín àwọn tí ooru yìí ń mú lemọ́lemọ́, ìdajì wọn ló bá a lọ ju ọdún méje lọ. Kì í ṣe láti já ọ láyà ni mo fi sọ ọ́. Mo sọ ọ́ kí o má baà máa wí pé, "Ẹ jẹ́ kí n fara dà á di ọdún tó ń bọ̀," bí èmi ṣe ń wí.

Ní ti ìgbàgbé, lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́, mo dìde láti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń lò láti ogún ọdún sẹ́yìn sì bọ́ lẹ́nu mi pátápátá. Mo dúró, mo ń wo ìwé ọwọ́ mi, àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ ń wò mí. Mo padà sílé, mo sunkún, mo rò pé àrùn arúgbó ti dé. Kì í ṣe òun. Àìsùn dáadáa àti ẹsitírójìn tó ń lọ sókè sódò ló máa ń fà á, fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa, ọpọlọ máa ń padà bọ̀ sípò. Tèmi ti ń padà.

Mo tún rí gbólóhùn tí o bẹ̀rẹ̀ nípa ọkọ rẹ tí o kò parí. Jẹ́ kí n bá ọ parí rẹ̀. Ojú ara máa ń gbẹ, awọ ibẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́, ìbálòpọ̀ á wá di ìrora. Obìnrin á máa sá, ọkọ á rò pé wọn ò fẹ́ òun mọ́. Obìnrin á máa tọ̀ lemọ́lemọ́, àkóràn àpò ìtọ̀ á máa wá ní àwátúnwá. Ooru ń lọ tó bá yá, ṣùgbọ́n èyí kì í lọ fúnra rẹ̀, ńṣe ló máa ń le sí i bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ kò sì le rárá. Ìpara ẹsitírójìn wà tí wọ́n ń fi sí ojú ara, kékeré ni, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ń mú ibẹ̀ yọ̀ nígbà ìbálòpọ̀ náà wà. Sọ fún ọkọ rẹ. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Tósìn, ńṣe ni wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ìrora ni látọjọ́ yìí? Mo rò pé mo ṣẹ̀ ọ́ ni."

Wàyí o, ibi tí mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí jù lọ rèé. Ooru ń pariwo, gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ọ. Egungun kì í pariwo. Ní bí ọdún márùn-ún sí méje lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá, obìnrin lè pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún egungun rẹ̀, kò ní dùn ún, kò ní mọ̀, àfi ọjọ́ tó bá yọ̀ ṣubú tí ọrùn ọwọ́ tàbí ìbàdí bá ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn: ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sókè, ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè tẹ̀ lé e, ààbò tí ẹsitírójìn ń ṣe fún iṣan ẹ̀jẹ̀ kò sí mọ́. Nítorí náà, máa rìn kíákíá, kí o sì máa gbé ohun tó wúwo díẹ̀, nítorí egungun tí a ń lò ló ń le. Wá kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, nínú oúnjẹ rẹ, ẹni tó ti lé ní 50 nílò nǹkan bí 1,200 mílígíráàmù lójúmọ́. Jẹ́ kí wọ́n máa wo ìfúnpá rẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.

Ní ti oògùn, o ní ẹnì kan sọ fún ọ pé oògùn họ́mọ́ọ̀nù, èyí tí wọ́n fi ń dípò ẹsitírójìn tó ń tán, ń fa jẹjẹrẹ ọmú. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ní 2002, ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá apá kan nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Women's Health Initiative dúró, ariwo ta káàkiri ayé, àwọn obìnrin kó oògùn wọn dànù. Òótọ́ ni pé wọ́n rí àlékún: nǹkan bí obìnrin 8 sí i nínú 10,000 lọ́dún tí jẹjẹrẹ ọmú mú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí àwọn obìnrin inú ìwádìí náà, tí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ 63. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kúrò ní nǹkan oṣù láti ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n tún un wò, wọ́n rí i pé fún obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí kò tíì pé 60, tàbí tí kò tíì ju ọdún 10 lọ tí nǹkan oṣù rẹ̀ dá, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu rẹ̀ lọ. Ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà gbọ́dọ̀ lo projẹ́sítírójìn, họ́mọ́ọ̀nù kejì tó ń dáàbò bo ilé ọmọ, mọ́ ẹsitírójìn, nítorí ẹsitírójìn nìkan lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ kì í fi ẹ̀jẹ̀ dídì halẹ̀ mọ́ni bí èyí tí a ń gbé mì. Ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú, ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí rọpárọsẹ̀ bá ti mú rí, kì í ṣe ti irú wọn. Fún wọn, oògùn tí kì í ṣe họ́mọ́ọ̀nù wà.

Èmi ń lo èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ. Mi ò sọ pé kí o lò ó o, àwọn dókítà ló máa wo ara rẹ. Dókítà àkọ́kọ́ tí mo lọ bá kò gbé ojú sókè wò mí. Ó ní, "Ọjọ́ orí ni, Mama, ẹ lọ sinmi." Mo fi ìtìjú jáde. Èkejì bi mí léèrè gbogbo nǹkan, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kí wọ́n sì wo táírọ́ọ̀dì mi, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà ní ọrùn, nítorí àìsàn rẹ̀ náà máa ń fa ooru àti àyà lílù. Bí ti àkọ́kọ́ bá lé ọ, wá èkejì.

Ohun kan péré tí o kò gbọ́dọ̀ dúró wò: bí oṣù 12 bá ti pé láìrí nǹkan oṣù, tí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ, ìbáà jẹ́ ẹ̀kán kan, lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn. Ó lè jẹ́ ohun kékeré, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ilé ọmọ tó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń ya ju bó ṣe yẹ lọ nísinsìnyí náà, sọ ọ́.

Ra ìwé pélébé kan. Kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù wá sínú rẹ̀, ọjọ́ tó lọ, iye ìgbà tí ooru mú ọ lóru, bí o ṣe sùn. Gbé e lọ bá dókítà. Nígbà tí mo ṣí tèmi síwájú dókítà kejì yẹn, kò sí ẹni tó tún sọ fún mi pé kí n lọ sinmi.

Mo ti bẹ àbúrò rẹ pé kó máa bẹ̀ ọ́ wò. Ṣùgbọ́n tí ooru bá tún jí ọ, má jókòó nìkan nínú òkùnkùn. Òru tìrẹ, ọ̀sán tèmi ni. Fóònù mi wà lórí tábìlì. Pè mí.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́